Kí Àṣírí Bò: Ọ̀rọ̀ Lórí Irinṣẹ́ Orí Fóònù fún Ẹni tí Ilé Fẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi àyè sílẹ̀ láti gbọ́ mi. Ohun tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe lè ṣe irinṣẹ́ kan sínú áàpù ìbánisọ̀rọ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń lò láti ìdájí títí di alẹ́, kí irinṣẹ́ náà lè wúlò fún ẹni tí kò dá lójú pé òun yóò ṣì wà nínú ilé tí òun ń gbé ní oṣù mẹ́ta òní. Èkó ni n ó gbé ọ̀rọ̀ náà kà, nítorí pé ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà sì ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbìyànjú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, tí a kò ṣe é dáadáa.

Muṣin ni ilé wa wà. Yàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín, irú ilé tí àwọn ará Èkó ń pè ní fésì-mí-àí-fésì-yú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, onílé rán káfíńtà méjì sí yàrá kẹta lápá òsì, níbi tí ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé, nítorí pé ìyá náà jẹ owó oṣù mélòó kan. Wọn kò kó ẹrù rẹ̀ síta. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yọ. Wọ́n tú àwọn ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì lọ. Nígbà tí àwa ọmọdé fi máa ti ilé ìwé dé, ìyá náà ti fi ìṣó méjì gbé ìró ankara kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń gbá ibi tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ẹni tí ń kọjá kí ojú wọn má baà yà sínú yàrá. Kò sí olè kankan tí ó ń ṣọ́ ní ọ̀sán yẹn. Ojú wa ni ó ń dí.

Nínú èdè wa, bí ẹnìkan bá rí owó ilé san lẹ́yìn ìdààmú ọlọ́jọ́ pípẹ́, a máa ń sọ pé àṣírí rẹ̀ bò. Ẹni tí ó fún un lówó ti bo àṣírí rẹ̀. Bí kò bá rí i san tí ẹrù rẹ̀ dé ìta, àṣírí rẹ̀ tú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni mo gbé gbogbo àsọyé mi lé: gbólóhùn kan náà ni Yorùbá fi ń sọ pé èèyàn rí ohun tí ó nílò àti pé ojú ayé kò rí àìní rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó bá wá owó fún èèyàn ṣùgbọ́n tí ó gbé e síta gbangba ti ṣe ìdajì iṣẹ́, ó sì ti ba ìdajì kejì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn áàpù ìbánisọ̀rọ̀ tí a mọ̀, gbígbé nǹkan síta ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n ń fẹ́ kí èèyàn gbé àwòrán sókè, kí ẹgbẹ̀rún ojú rí i, kí àwọn tí ó rí i sì pín in kiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irinṣẹ́ ọ̀ràn ilé sínú irú áàpù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí omi.

Àwa kò mọ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe ojú-ìwé kan sínú áàpù tí àwọn ará àdúgbò kan ń lò láti fi polówó ọjà àti láti fi kéde ìpàdé. Ẹni tí owó ilé bá há lọ́rùn yóò gbé àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, yóò kọ ìtàn rẹ̀, yóò sì kọ iye tí ó kù. Obìnrin aránṣọ kan lò ó, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé débi pé láàárín ọjọ́ méjì ó ti tó ìdajì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnìkan fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí onílé rẹ̀. Bàbá náà rí ògiri ilé rẹ̀ lẹ́yìn obìnrin náà, ó ní ó ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú ayé, kò sì gba ìdajì owó tí ó gbé wá. Obìnrin náà kó jáde kí ọjọ́ tó pé. A pa ojú-ìwé náà rẹ́ nígbà tí ó bẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwòrán ti dé orí WhatsApp ìjọ rẹ̀ àti ti àwọn oníbàárà rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún un pé òun kò lè fi aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí òun kò mọ ibi tí òun yóò ti wá a rí bí ó bá kó lọ. Ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Àwa ni a ṣe é.

Ẹ̀yin náà rí ohun tí àwọn áàpù ayánilówó kan ṣe ní orílẹ̀-èdè wa. Bí ẹni tí ó yá owó bá pẹ́ kí ó tó san án, wọn a kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù rẹ̀, wọn a sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé onígbèsè tàbí olè ni. Ó dé ibi tí àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Mo mọ àwọn kan tí ó jẹ́ pé owó ilé ni wọ́n torí rẹ̀ yá a.

Àwọn ìlú mìíràn náà ti gbìyànjú tiwọn. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Samaritan kọ́kọ́ fún àwọn tí ń sùn ní ìgboro ní ohun kékeré kan tí ń ta fóònù ẹni tí ń kọjá lólobó. Ẹni náà lè ka ìtàn wọn, kí ó sì fi owó ránṣẹ́, tí wọn yóò fi ra nǹkan ní àwọn ìsọ̀ tí ó bá ètò náà ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò tí ó wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣírí ni ẹni tí ń sùn ní ìgboro ṣì ń ta kí ó tó jẹun. Ní England àti Wales, StreetLink tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012 gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tí ó bá rí èèyàn tí ń sùn níta ni ó ń sọ ibi tí ó ti rí i, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àdúgbò náà kí wọ́n lè wá a lọ. Ìyẹn kò béèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹni tí ń sùn níta, ó sì gbára lé àwọn èèyàn tí ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé ti lọ tán ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí ó sún mọ́ ohun tí mo ń fẹ́ jù ni JustFix ní New York, níbi tí ayálégbé ti lè to ẹ̀rí ilé tí ó bàjẹ́ jọ, kí ó sì kọ lẹ́tà tí ó bá òfin mu sí onílé nígbà tí ó ṣì wà nínú ilé náà.

Ìgbà tí èèyàn ṣì wà nínú ilé ni kókó. Ohun tí àwa tí a ṣe ojú-ìwé fún obìnrin aránṣọ yẹn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rárá ni iye àkókò tí ó ní. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín onílé àti ayálégbé, ẹni tí ń san owó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba kúìtì, ìyẹn ìwé pé kí ó kó jáde, ti oṣù kan, ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́ta, ẹni tí ń san án lọ́dọọdún sì gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́fà. Bí ọjọ́ yẹn bá pé, ìwé ọjọ́ méje ṣì wà níwájú, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ gba ilé òun nílé-ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹjọ́ fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí onílé fi tipátipá lé ayálégbé jáde, tàbí kí ó ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lórí kí ó lè sá, láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́. Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà yọ sílẹ̀. Muṣin, Agége, Bàríga àti Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ayálégbé ọlọ́dọọdún tí ó gba kúìtì lónìí lè ní ju ìdajì ọdún lọ láti fi wá ojútùú, ṣùgbọ́n nítorí pé kò mọ̀, ìbẹ̀rù yóò mú un kó ẹrù lóru láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Àkókò yẹn ni mo fẹ́ kí irinṣẹ́ wa máa ṣọ́. Ẹni tí ilé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílò àkókò, ó nílò ẹ̀rí, ó sì nílò èèyàn díẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n. Àánú ẹgbẹ̀rún àjèjì jìnnà sí ohun tí ó nílò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí. Ìyá mi ní agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rìsíìtì owó ilé ọdún mọ́kànlá sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí onílé wa kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín ilé, ọ̀kan nínú wọn wá sọ pé a jẹ bàbá òun ní owó ọdún kan. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó gbé agolo náà sórí tábìlì, ó ń yọ ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Wọ́n ti pọ́n bí tíì, ṣùgbọ́n ọjọ́ hàn, ìbuwọ́lùwé bàbá náà sì hàn. Ọmọ náà wò wọ́n, ó ní kí a má bínú, ó sì jáde. Òfin ọdún 2011 pàṣẹ pé kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì, kí ọjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún hàn lórí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí irinṣẹ́ wa yóò ṣe, nígbà náà, ni pé yóò jẹ́ agolo tí àgbàrá òjò kò lè gbé lọ. Ní ọjọ́ tí èèyàn san owó ilé, nígbà tí kò sí wàhálà kankan, yóò ya àwòrán rìsíìtì rẹ̀, yóò sì yan ẹnìkan ṣoṣo, bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí onílé kò bá fún un ní rìsíìtì, irinṣẹ́ náà yóò bá a kọ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i: “Ẹ ṣé Mà, mo ti san owó yàrá mi láti oṣù kìíní títí di oṣù kejìlá, ẹgbẹ̀rún báyìí ni.” Kò sí onílé tí yóò bínú sí ìdúpẹ́, ẹni tí ó bá sì dáhùn pé “O ṣeun” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí.

Láti ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ owó ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni pé owó wọn ń wọlé lójoojúmọ́, owó ilé sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní owó yàrá kan jẹ́ 240,000 náírà lọ́dún: alákàrà tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 ní láti yọ 800 náírà sọ́tọ̀ lójúmọ́ láìjẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, kí àìsàn má dé, kí ẹbí má kú, kí wọ́n má sì lé ọmọ dé láti ilé ìwé. Òfin sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó san ti ọdún méjì, pẹ̀lú owó ẹ́jẹ́ńtì àti owó àgíríméńtì lórí rẹ̀. Àwọn òbí wa ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́, òun ni wọ́n ṣe ń dá àjọ, òun náà ni a kò ṣe gbàgbé orúkọ alájọ Ṣómólú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí irinṣẹ́ náà má sọ ara rẹ̀ di báńkì. Kí ó jẹ́ kí èèyàn fi ohùn sọ iye tí ó fún alájọ rẹ̀ lónìí, kí ó sì máa bá a ṣírò iye tí ó kù, ìyẹn tó.

Bí kúìtì bá wá dé ńkọ́? Ayálégbé yóò ya àwòrán ìwé náà, irinṣẹ́ yóò sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin ní ohùn, ní Yorùbá, láìyára: ọjọ́ wo ni ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń san owó, ṣé àgíríméńtì wà, ta ni ó bu ọwọ́ lu ìwé náà? Yóò béèrè ti àgíríméńtì dáadáa, nítorí pé bí ìwé àdéhùn bá ti dá ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ inú àdéhùn ni yóò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí yóò sọ ọjọ́ tí àkókò náà yóò pé, yóò sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè lé e jáde láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, yóò sì tọ́ ọ sí ọ́fíìsì Citizens' Mediation Centre tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìlàjà yìí sílẹ̀ ní 1999, wọn kì í gba owó, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì pọ̀ gan-an nínú ohun tí wọ́n ń parí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju ìlàjà lọ, Office of the Public Defender ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ibi wọ̀nyí wà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Nígbà tí a tún irinṣẹ́ wa ṣe, a fún aránṣọ mìíràn kí ó dán an wò, mo sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń wọn ìyàwó tuntun kan, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì láàárín ṣọ́ọ̀kì àti sìsọ́ọ̀sì, ni iná fóònù náà bá tàn: “Ó ku ọjọ́ 41 kí àkókò ilé yín pé.” Oníbàárà náà kà á. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n aránṣọ náà rí i pé ó kà á, ọwọ́ tí ó fi di téèpù mú sì dúró lórí ejìká oníbàárà fún ìgbà díẹ̀. A tún ti gba ìró ankara lẹ́nu ọ̀nà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a yí gbogbo ọ̀rọ̀ ìránnilétí padà. Ó ń sọ báyìí pé: “Ẹ ní iṣẹ́ kan láti wò,” bí ìránnilétí ohunkóhun ṣe lè sọ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ máa rò ó pé ẹlòmíràn ń wo fóònù náà nígbà gbogbo: ọkọ, ọmọ, oníbàárà, tàbí ọmọ onílé.

Ní New York, lẹ́tà tí ó bá òfin mu lè jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Muṣin, bí ayálégbé bá kọ́kọ́ fi ìwé òfin ránṣẹ́ sí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, ìjà ni ó ń pè. Àgbà ni a máa ń bẹ̀ níṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí irinṣẹ́ náà ní àyè alárinà. Ayálégbé yóò yan ẹni tí onílé lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ìyá ọjà, bàbá ìjọ, ààfáà àdúgbò tàbí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé; irinṣẹ́ yóò sì bá a to ọ̀rọ̀ tí ẹni náà yóò gbé lọ: iye tí ó wà nílẹ̀, iye tí ó kù, ọjọ́ tí yóò pé. A ní láti rántí pé onílé pẹ̀lú ní ìnira tirẹ̀. Opó tí ó jẹ́ pé owó yàrá mẹ́rin ni ó fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Bí ayálégbé méjì bá jẹ ẹ́ lówó lẹ́ẹ̀kan náà, àṣírí tirẹ̀ náà ti fẹ́ tú. Alárinà ni ó lè gbọ́ ti apá méjèèjì.

Ti owó wá kù. Mo fẹ́ kí ayálégbé yan èèyàn tí kò ju méje lọ, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì lè fi ohùn náà ránṣẹ́ síbòmíràn láti inú áàpù. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ hùwà ìkà lè fi fóònù mìíràn gbà á sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí iye èèyàn náà fi gbọ́dọ̀ kéré. Owó yóò lọ tààrà sínú àkáǹtì tí onílé ń gbà á sí, rìsíìtì yóò padà wá sọ́wọ́ ayálégbé, kò sì sí ẹni tí yóò rí iye tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí bí a ti ń dáwó níbi ìnáwó, níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àti iye síta, ìyẹn sì dára fún ìnáwó. Nínú ọ̀ràn ilé, ẹ̀gbọ́n tí kò ní ju 2,000 náírà gbọ́dọ̀ lè mú un wá láìtijú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò jẹ́ kí ẹni tí ó ní yàrá òfìfo gba ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti bi mí ní èyí ní gbogbo ibi tí mo dé. Ìdáhùn mi ni pé kí a má ṣe é. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kò ní agbára láti kọ ohun tí àjèjì tí ó gbà á sílé bá béèrè, a kò sì ní ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní agogo méjì òru nígbà tí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́. Ohun tí a kò bá lè dúró tì, kí a má ṣèlérí rẹ̀.

Bákan náà ni irinṣẹ́ yìí kò lè dá katakata tí ìjọba fi ń wó ilé dúró. Ní oṣù July 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó àdúgbò Maroko, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n sì sọ pé ó pàdánù ilé. Láàárín November 2016 sí April 2017 ni wọ́n tú àdúgbò Otodo Gbame ká létí ọ̀sà, ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ará rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gùn apẹja. Ní June 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo ti ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá a pé ìlélọ náà tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú, ṣùgbọ́n ilé ti wó. Kò sí kúìtì oṣù mẹ́fà fún irú ìyẹn, èèyàn méje kò sì lè dáwó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wúlò níbẹ̀ ni irú èyí tí àjọ Justice & Empowerment Initiatives ń bá àwọn ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní òfin kí wọ́n lè máa gbẹnu sọ fún ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń kọ ilé àti ọ̀nà àdúgbò náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí irinṣẹ́ wa bá dé irú ibẹ̀, abẹ́ wọn ni kí ó ti ṣiṣẹ́.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ẹ ti gbọ́ ọ níbòmíràn. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti Nàìjíríà wà láti 2023, ó sì di dandan kí a tẹ̀ lé e. Èmi yóò kọjá ìyẹn: kí ìwé àti ohùn gbogbo wà lórí fóònù ẹni tí ó ni ín àti lọ́wọ́ ẹni tí ó yàn, kí àwa má ní ẹ̀dà rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹni tí kò ní ilé kì í pẹ́ kí ó tó wu ẹlòmíràn. Ní December 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ní London dá a pé ètò tí ìjọba fi ń mú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ń sùn níta láti dá wọn padà sílé kò bá òfin mu. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè rìn bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ń sùn. Ohun tí a kò bá ní lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò lè gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹ má sì fi iye àkókò tí àwọn èèyàn ń lò nínú rẹ̀ wọn iṣẹ́ yín. Irinṣẹ́ tí ènìyàn ṣí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, tí ó sì ṣì wà nínú yàrá rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń fúnni lówó láti ṣe áàpù yóò béèrè iye ojú tí ó rí i. Ẹ sọ fún wọn pé iye ilẹ̀kùn tí ó ṣì wà lára ilé ni ẹ ń kà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwa tí a bá fẹ́ bá iṣẹ́ yìí lọ yóò pàdé ní ilé kan ní Muṣin, ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ bí èyí tí mo sọ, níbi tí àwọn ayálégbé ti gbà kí a wá. Kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù olówó ńlá dání. Èyí tí iná rẹ̀ kì í pẹ́ kú, tí ojú rẹ̀ ti sán, tí kò sì ní àyè fún ju àwòrán ogún lọ ni kí ẹ mú wá, nítorí irú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbà kan wà ní yàrá tí ó sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kò mọ̀wé, òun ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì í tẹ̀, ẹ má gbà á láti fi hàn án. Ẹ kọ ibi tí ó tẹ̀ sílẹ̀.